TA LÓ KÓ IGI GBÍGBẸ JỌ?

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè wa yìí tí ó yẹ kí gbogbo wa gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n san owó, àwọn òṣìṣẹ́ méjì kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí yóò ṣe ofatáìmù sí. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Yorùbá, èkejì jẹ́ ọmọ Ìbò. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni níbẹ̀rẹ̀. "Ta ló yọ orúkọ mi?" "Èmi kọ́ ni mo kọ ìwé." Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹnì kan ti pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Àwọn ará ibí ló ń kó gbogbo rẹ̀ fún ara wọn." Ẹlòmíràn dáhùn pé, "Ẹ padà sí ìlú yín." Àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ tí wọn kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ń wá igi. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá kan tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà náà. Ìyá gbé àpótí rẹ̀, ó jókòó sí àárín wọn, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ pa ara wọn, kò burú, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù kọ́kọ́ san gbèsè oúnjẹ tó jẹ lọ́wọ́ òun. Ẹ̀rín ló tú wọn ká.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ wa lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Agbaṣẹ́ṣe tó ń kó òṣìṣẹ́ wá sí ilé iṣẹ́ náà ti gé ofatáìmù gbogbo wọn sí ìdajì láti oṣù tó ṣáájú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn tí wọ́n yọ orúkọ wọn, Yorùbá wà, Ìbò wà, Ẹdó wà, Hausa wà. Àwọn méjì tí wọ́n fẹ́ lu ara wọn pa, kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé nínú wọn. Ẹni tó gé ofatáìmù kò sì sí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ó ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé.

Èyí ló mú kí a fẹ́ lo ojú ewé yìí lórí ohun tó ń fa ìjà àti rògbòdìyàn, nílùú wa níbí àti ní ìlú òkèèrè. Àwọn àgbà ní, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Wàhálà kì í ṣàdédé wá. Ìṣáná kan ṣoṣo kò lè jó oko tútù. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti jó oko tán, ẹni tó ṣáná nìkan ni gbogbo ènìyàn ń wá kiri. A kì í béèrè ẹni tó kó igi gbígbẹ jọ.

Bí a bá tú àwọn wàhálà ńlá tí a ń gbọ́ káàkiri ayé wò, ohun mẹ́ta la sábà ń bá nínú wọn. Èkíní ni ìyà: ebi, ọ̀wọ́n gógó, àìríṣẹ́ṣe, ìrẹ́jẹ. Èkejì ni ilẹ̀kùn títì: kí ẹni tí ìyà ń jẹ má rí ibi tí yóò fẹjọ́ sùn kí wọ́n sì gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń nàka: ẹni tí yóò sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé aládùúgbò rẹ̀ ló jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ìyà nìkan kì í sábà dá ogun sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ebi ń pa tí kò gbé igi. Ìgbà tí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé ni iná ń ràn. Ní ti èdè àti ẹ̀yà tí a máa ń di ẹ̀bi rù, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, orúkọ tí wọ́n ń pe iná náà lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí ilé. Ẹni tó bá ti ń gbé agbègbè wa láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè gbàgbé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn àdó olóró tí àwọn ológun kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Àwọn ènìyàn ń sá, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Ọ̀pọ̀ wọn sá wá sí ọ̀dọ̀ wa níbí, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n kó sínú kánáàlì Òkè-Àfà. Àwọn tó kú nínú jàǹbá náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Àfà.

Kí ọ̀fọ̀ náà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, àwọn ọlọ́pàá daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó wọn. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní Ìdí-Àràbà ní Mushin, tí kò jìnnà sí wa rárá. Ohun tí wọ́n ní ó fà á ni pé ẹnì kan ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí ibi tí kò yẹ, àwọn kan bá a wí, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, àríyànjiyàn di ìjà. Ọjọ́ bíi mẹ́ta ni ilé fi ń jó tí ọ̀bẹ àti àdá ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó kú ju àádọ́ta lọ. Àwọn tó pàdánù ilé àti ọjà wọn kò lóǹkà.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹnì kan ló pa àádọ́ta ènìyàn? Ẹ wo igi tó wà nílẹ̀. Ìlú ṣì ń sin òkú Ìkẹjà. Ọlọ́pàá tí ì bá dá sí i ń jà fún owó tirẹ̀. Ènìyàn fún mọ́ ara wọn nínú ilé tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò tó. Ìjà tí Yorùbá àti Hausa jà ní Ṣàgámù ní oṣù keje ọdún 1999, àti èyí tí wọ́n jà ní Kétu ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ṣì wà lọ́kàn tẹ̀gàn-tẹ̀gàn, kò sí ẹni tó jókòó parí wọn dénú. Lórí igi gbígbẹ báyìí, ohunkóhun lè jẹ́ ìṣáná. Àwọn tó kó àdó olóró sí àárín ìlú, àti àwọn tí kò san owó ọlọ́pàá, kò gbé ní Ìdí-Àràbà. Ẹni tó gbé ibẹ̀ ni mẹkáníìkì, alágbàfọ̀, ọlọ́kadà, ẹni tó ń ta ata. Àwọn ló pa ara wọn.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé Hausa àti Yorùbá ló jà ní Ìdí-Àràbà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa Wẹ̀tíẹ̀? Yorùbá àti Yorùbá ló jà á. Nígbà náà, Mushin, Oṣòdì, Ìsọlọ̀ àti Ìkẹjà kò tíì bọ́ sábẹ́ Èkó. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó wà ní Ìbàdàn ni gbogbo wa wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967. Ìjà olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá kò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Àwọn aṣòfin gbé àga lu ara wọn ní Ìbàdàn ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, ìjọba àpapọ̀ sì kéde òfin pàjáwìrì. Síbẹ̀, ìlú kò jó nígbà náà.

Ìgbà wo ni ìlú wá jó? Lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 ni. Àwọn ènìyàn dìbò, wọ́n sì rí i pé wọ́n yí ìbò náà lójú ara wọn. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ìjọba gé owó tí wọ́n ń san fún àwọn àgbẹ̀ lórí kòkó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ẹ wò ó bí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pàdé: owó kòkó wálẹ̀, ìbò tí à bá fi fẹjọ́ sùn ti di irọ́, àwọn olóṣèlú sì ń rán jàǹdùkú sí ara wọn. Wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé lára, wọ́n ń ṣáná sí i. Mushin wà lára ibi tó gbóná jù. Ìdáná yìí kò tíì kú nígbà tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966. Ohun tó tẹ̀lé e, gbogbo wa mọ̀ ọ́n: ìpakúpa ní Àríwá lọ́dún 1966, ogun abẹ́lé láti 1967 dé 1970. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló di ogun orílẹ̀-èdè. Bí iná bá ti mú koríko, kì í béèrè ibi tí ààlà oko wà.

Ṣùgbọ́n kí a má ba ara wa lẹ́rù jù, ìtàn kan náà tún fi hàn wá pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, iná a máa kú. Kété lẹ́yìn èyí ni ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ṣẹlẹ̀. Ní ìparí ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn sọ pé owó orí ti pọ̀ jù fún àwọn. Wọ́n ní 30 ṣílè ni àwọn lè san lọ́dún. Àwọn agbowó-orí ń lù wọ́n, ọlọ́pàá ń mú wọn, owó kòkó kò sì tó ohun tí à ń sọ. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá dìde láti wádìí, ṣùgbọ́n ìyà kò kúrò lórí wọn. Wọ́n jà títí wọ́n fi já ẹ̀wọ̀n Agodi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969. Àwọn àgbẹ̀ kú, ọlọ́pàá kú, wọ́n sì pa Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún náà.

Kí ló wá parí rẹ̀? Kì í ṣe ìbọn. Olóyè Awólọ́wọ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè, olórí wọn, ní Àkànrán, wọ́n jókòó sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, ìjọba gé owó orí sí £2. Ìjà rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ìwọ̀n tí wọ́n gé owó orí náà sí lẹ́yìn tí ènìyàn ti kú tán, ṣé kò ṣeé gé kí ẹnikẹ́ni tó kú? Ẹni tó ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ àgbẹ̀ lọ́dún 1968, ọ̀tá ìlú ni wọ́n pè é. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó sọ náà ni wọ́n ṣe.

Àwa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ẹ jẹ́ kí a yà dé àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Ọ̀pọ̀ bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà àti Ìlọrin ló ṣòwò ní Ghana, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọrọ̀ ajé Ghana ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, gbèsè pọ̀, iṣẹ́ kò sí. Ẹni tó ń wá ohun tí yóò sọ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ nàka sí àlejò. Àwọn ènìyàn wa fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n di ẹrù sórí lọ́kọ̀ wá sílé. A sunkún, a ní wọ́n hùwà ìkà sí wa.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o. Ọdún 13 lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ìdìbò sì ń bọ̀. Ìjọba Shagari ní kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ju mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana lọ tó di ẹrù. Àpò tí wọ́n fi di ẹrù náà ni à ń pè ní "Ghana-Must-Go" títí di òní. Wọ́n lọ tán, ṣé iṣẹ́ padà wá? Kò padà wá. Ìyà kan náà, ìka kan náà, àlejò ló yàtọ̀.

Ní Liberia, ìrẹsì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1979, ìjọba Tolbert fẹ́ fi owó kún àpò ìrẹsì láti dọ́là 22 sí 26. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, àwọn ènìyàn tú jáde ní Monrovia, ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn, ọ̀pọ̀ kú. Kò pé ọdún kan tí Sájẹ́ǹtì Doe fi pa Tolbert, ó sì gba ìjọba ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1980. Ní ìparí ọdún 1989, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, kò sì tán pátápátá títí di 2003. Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ sójà kú síbẹ̀. Àwọn tó sá fún ogun náà dé Òru ní Ìjẹ̀bú níbí, ibẹ̀ ni wọ́n gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. A kò sọ pé dọ́là mẹ́rin nìkan ló jó Liberia. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tí àwọn ìdílé díẹ̀ fi jẹ gàba lé ìlú lórí ni igi gbígbẹ náà. Ìrẹsì ni ìṣáná.

Sudan ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ ìkẹyìn nílẹ̀ òkèèrè, nítorí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Atbara jẹ́ ìlú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láti ayé àwọn òyìnbó. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti tú jáde ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2018, nítorí búrẹ́dì tó jẹ́ pọ́n-ùn Sudan kan di mẹ́ta. Láàárín oṣù mẹ́rin, Ààrẹ Bashir tó ti wà lórí àga fún ọgbọ̀n ọdún bọ́ sílẹ̀. Àwọn ará ìlú kò gbé ìbọn, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀gágun. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023, ọ̀gágun méjì kọjú ìbọn sí ara wọn nítorí ta ni yóò jẹ ọ̀gá. Ẹni tó béèrè búrẹ́dì ló wá di ẹni tí kò nílé mọ́. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ibẹ̀ ló ń fara gbá a.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Èkó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ jáde lòdì sí ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ẹjọ́ náà kì í ṣe tuntun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ké gbàjarè tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ní ọdún kan náà, láti ìparí oṣù kẹta, ìjọba ti sé ìlú mọ́ nítorí àrùn Kòrónà, ẹni tó ń jẹ nínú ohun tó bá rí lóòjọ́ kò rí nǹkan kan jẹ. Lẹ́yìn ìbọn ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ní Lekki, ọ̀rọ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jàǹdùkú gba ìgboro. Wọ́n sun bọ́ọ̀sì ńláńlá ní Oyingbo àti ní Ojodu Berger. Àwọn ènìyàn fọ́ ilé ìkẹ́rù kan ní Mazamaza, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà níbẹ̀ tí kò tíì dé ọwọ́ wọn.

Bọ́ọ̀sì tó jóná kì í ṣe ti SARS. Òun ni awakọ̀ fi ń bọ́ ọmọ, òun ni òṣìṣẹ́ fi ń dé ibi iṣẹ́. Ẹni tó sun ún lẹ́bi, a kò ní gbè é. Àwọn kan máa ń sọ pé bí a bá ti ń wá ìdí ìjà, jàǹdùkú la fẹ́ bá wá àwáwí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà tó ń wá ohun tó fa ibà kò bá ibà ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó pa ènìyàn, ẹni tó sun dúkìá, kí òfin mú un. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ẹni tó ṣáná, tí a fi igi gbígbẹ sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò ra ìṣáná. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Igi gbígbẹ sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá sọ̀ ní Àṣwání, orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ló ń pè, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tó kún Ìsọlọ̀ nígbà kan ti ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ ìwé, tó gba owó ìfẹ̀yìntì, ti di òṣìṣẹ́ ojúmọ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo ní Èkó fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà dé 488 láàárín ọjọ́ díẹ̀, awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn jà lórí owó ọkọ̀. Wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024, ṣùgbọ́n owó náà dé, ọjà ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́ mọ́. Àsìkò báyìí ni ẹni tó ń nàka máa ń rí etí tó fẹ́ gbọ́ tirẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ ní àpẹẹrẹ tiwa tó dára. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, nígbà tí àwọn olóṣèlú ń pín Nàìjíríà sí Hausa, Yorùbá àti Ìbò, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ti ń bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀ pa ohùn pọ̀. Ìgbìmọ̀ Morgan ti wádìí owó oṣù, ìjọba sì ń fi àbájáde rẹ̀ falẹ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti èbúté, ti fákítìrì, ti ilé ìjọba, gbogbo wọn daṣẹ́ sílẹ̀ fún bíi ọ̀sẹ̀ méjì. Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà, wà níwájú. Yorùbá, Ìbò àti Hausa tẹ̀ lé e. Ìjọba jókòó pẹ̀lú wọn, ó fi kún owó ju ohun tó kọ́kọ́ mú wá lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, òṣìṣẹ́ kò béèrè ẹ̀yà òṣìṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ká sọ òtítọ́. Nígbà tí ìdìbò dé ní ìparí ọdún 1964 náà, àwọn òṣìṣẹ́ yìí kan náà pín, olúkúlùkù tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òṣèlú ìlú tirẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Mushin ń jó. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwa la la ẹnu ogiri.

Nítorí náà, ẹ̀ka wa ń rọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti ṣe nǹkan mẹ́rin yìí. Èkíní, kí aṣojú wa ní ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan rí i pé wọ́n lẹ ìwé ofatáìmù mọ́ ara ògiri ní gbangba, kí a sì kọ ìdí rẹ̀ sí i bí wọ́n bá gé e. Ohun tí a bá rí lójú, a kì í fi àbá pa á. Èkejì, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká lára mú un wá sí ìpàdé, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì fún un lésì kí ìpàdé tó tẹ̀lé e. Bí àwa fúnra wa bá ti ilẹ̀kùn, a kò lẹ́nu láti bá ìjọba wí. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá gbọ́ lórí fóònù pé wọ́n ti pa ènìyàn wa níbì kan, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà níbẹ̀. Àhesọ ti pa ènìyàn ju ìbọn lọ. Ẹ̀kẹrin, kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan má gba owó olóṣèlú láti lọ ba ìpàdé ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tó rán ọ kò ní rán ọmọ tirẹ̀.

Ní ti ilé iṣẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjì tó fẹ́ jà lọ́jọ́ náà wà nínú àwọn tó tẹ̀ lé akọ̀wé wa lọ bá agbaṣẹ́ṣe. A kò tíì rí gbogbo ohun tí a béèrè gbà, ìjíròrò ṣì ń lọ, a ó sì mú ìròyìn wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n kàn.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá gbọ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnì kan sì ń ké láti ẹ̀yìn pé àwọn báyìí-báyìí ló ń jẹ yín níyà, ẹ má tíì wá igi. Ẹ wo ẹni tó ń ké náà. Ẹ béèrè ẹni tó ti wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ẹ sì rántí ìyá oníresì: gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní bàjẹ́ o.